Bí a ṣe ń fi bakitéríà aṣoore sínú oúnjẹ edé kí àrùn má baà gbé e lọ

Àrùn tó bá fẹ́ wọ adágún edé kì í kanlẹ̀kùn. Láàárọ̀, ẹ lè rí edé méjì mẹ́ta tí wọ́n ń rìn gbéregbère létí omi. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, òkú ti bo ìsàlẹ̀ adágún. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ààbò fi gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí edé ṣì ń jẹun dáadáa, tí ìfun rẹ̀ kún, tí nǹkan kan kò tíì ṣe é. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí a lè gbà ṣe iṣẹ́ náà ni kí a máa fi bakitéríà tó ń ṣe edé lóore, èyí tí wọ́n ń tà lórúkọ probiotic, sínú oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n lò ó, tí wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Lọ́pọ̀ ìgbà, bakitéríà náà ti kú kó tó dé ìfun edé. Ooru inú ilé ìpamọ́ ti pa á, tàbí kilorínì inú omi tí wọ́n fi pò ó, tàbí kó jẹ́ pé omi adágún ti fọ̀ ọ́ kúrò lára oúnjẹ kí edé tó fẹnu kàn án. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé: kí bakitéríà náà wà láàyè, kó sì pọ̀ tó, nígbà tó bá wọ inú edé.

Ohun tó ń pa edé, àti ohun tí bakitéríà aṣoore lè ṣe sí i

Nínú àwọn ohun tó ń pa edé ọ̀sìn, ìdílé bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Vibrio kì í jìnnà. Inú omi iyọ̀ ni ilé wọn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè lé wọn tán níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí àjẹkù oúnjẹ bá ti pọ̀ nísàlẹ̀, tí ọ́síjìn ti dínkù, tí ara edé kò sì le, àwọn tó burú nínú wọn á gbilẹ̀. Vibrio harveyi wà lára àwọn tó máa ń mú kí omi àti edé tó ń ṣàìsàn máa tàn lóru.

Ní ọdún 2009, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ edé ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà láàárín oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kó wọn sínú adágún. Ó tàn dé Vietnam, Malaysia àti Thailand, ó sì dé Mexico ní 2013. Ọdún 2013 yẹn kan náà ni Donald Lightner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Arizona, ní Amẹ́ríkà, tú àṣírí rẹ̀: Vibrio parahaemolyticus ni, irú èyí tó ń ṣe májèlé kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ edé jẹ́. Àwọn kan ń pe àrùn náà ní EMS, àwọn mìíràn ń pè é ní AHPND.

Ara edé kì í pèsè antibody, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti dá àrùn kan pàtó mọ̀ kó sì gbógun tì í, bí ara èèyàn tàbí ti ẹja. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ṣiṣẹ́ fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹja. Ohun tó ní ni èèpo ara rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń gbógun ti ohun àjèjì, àti àwọn bakitéríà tó bá ń gbé inú ìfun rẹ̀. Ìkẹta yìí ni ọwọ́ àgbẹ̀ tó.

Ìfun edé kì í ṣófo. Bí aṣoore kò bá jókòó síbẹ̀, aṣebi á jókòó. Nígbà tí Bacillus, ìdílé bakitéríà kan tí àwọn aṣoore pọ̀ nínú rẹ̀, bá ti kún ibẹ̀, oúnjẹ tí Vibrio ì bá jẹ ló ń jẹ, àyè tí Vibrio ì bá gbà ló ń gbà. Àwọn Bacillus kan tún máa ń tú èròjà tó ń pa bakitéríà mìíràn jáde, wọ́n sì ń pèsè ẹ́nsáìmù tó ń bá edé da purotéènì àti sítáàṣì inú oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ìránṣẹ́. Àwọn Vibrio máa ń fi èròjà kan ránṣẹ́ síra wọn láti mọ iye tí wọ́n jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ti pọ̀ tó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tú ohun ìjà wọn sílẹ̀. Àwọn Bacillus kan ní ẹ́nsáìmù tó ń gé ìránṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà, kí àwọn Vibrio má baà mọ̀ pé àwọn ti pọ̀.

Ní 1998, àwọn olùwádìí kan ní Thailand fi èsì ìwádìí wọn léde. Wọ́n fi Bacillus bọ́ edé Penaeus monodon fún 100 ọjọ́, lẹ́yìn náà wọ́n fi Vibrio harveyi sínú omi wọn fún ọjọ́ 10. Gbogbo èyí tó ti jẹ Bacillus ló yè. Nínú àwọn tí kò jẹ ẹ́, 26 péré ló ṣẹ́kù nínú ọgọ́rùn-ún. Inú omi tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sántòru ni wọ́n ti ṣe ìdánwò yìí o. Adágún tó wà níta, tí òjò ń rọ̀ sí, tí oòrùn ń pa, kò ní fún yín ní èsì tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe àlá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kì í ṣe oògùn fún edé tó ti ń kú lọ. Kò lè lé fáírọ́ọ̀sì àrùn onítótó funfun kúrò nínú adágún, kò sì lè wo EHP, àrùn tí ń mú kí edé máa jẹun kó má dàgbà. Fún irú ìwọ̀nyí, ọmọ edé tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní láàbù, omi tí wọ́n ti tọ́jú, àti adágún tí wọ́n gbẹ dáadáa kí wọ́n tó tún un lò ni ààbò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjà òun ń wo gbogbo àrùn edé, ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ yan bakitéríà tó lè dé ibi tí ẹ rán an

Bacillus ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú: Bacillus subtilis, Bacillus licheniformis, Bacillus pumilus àti Bacillus amyloliquefaciens ni ẹ óò máa rí lára ọ̀pọ̀ ọjà. Bí nǹkan bá le fún Bacillus, á ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan, á sì sùn síbẹ̀. Sípóò ni wọ́n ń pe èyí. Sípóò lè fara da ìgbà gbígbẹ, ó lè pẹ́ nínú àpò, ó sì lè la ooru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ oúnjẹ kọjá. Tó bá dé ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí oúnjẹ àti omi wà, á jí.

Lactobacillus plantarum àti Pediococcus acidilactici náà dára. Ásíìdì tí wọ́n ń ṣe kì í jẹ́ kí ara rọ Vibrio. Àmọ́ wọn kì í ṣe sípóò, ooru sì tètè ń pa wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ̀yìn tí oúnjẹ bá ti tutù ni kí ẹ tó fi wọ́n bò ó, kí ẹ sì tọ́jú wọn sínú fíríìjì bí ara àpò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ka ara àpò kí ẹ tó sanwó. Orúkọ bakitéríà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó tọ́ka sí ẹ̀yà rẹ̀ gan-an, torí pé Bacillus subtilis méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí iṣẹ́ wọn má jọra rárá. Iye tó wà láàyè nínú gíráàmù kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. CFU ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àpò tó kàn kọ "bakitéríà rere" tí kò sọ irú rẹ̀ tàbí iye rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Kì í ṣe gbogbo Bacillus náà ló yẹ ká mú wọ inú oúnjẹ: nínú ìdílé Bacillus cereus, àwọn kan wà tó ń mú kí oúnjẹ sọ èèyàn di aláìsàn.

Bí láàbù bá wà nítòsí yín, ẹ gbé gíráàmù díẹ̀ lọ kí wọ́n kà á. Fún sípóò, wọ́n á pò ó mọ́ omi aláìlẹ́gbin, wọ́n á gbé e sínú ooru ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 10 kí èyí tí kì í ṣe sípóò lè kú, wọ́n á wá gbìn ín sórí àwo tí wọ́n fi oúnjẹ bakitéríà sí kó lè hù. Bí iye tó hù bá kéré púpọ̀ sí ti ara àpò, ẹ ti mọ ìdí tí ọjà náà kò fi ṣiṣẹ́.

Ibi tó gbẹ, tó tutù, tí oòrùn kò dé ni kí ẹ kó o sí. Bí ẹ bá ti ṣí àpò, ẹ dì í pa dáadáa, kí ẹ má sì fi ṣíbí tútù bu nínú rẹ̀.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó wọ̀n

Mílíọ̀nù 10 bakitéríà nínú gíráàmù oúnjẹ kan jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀; àwọn mìíràn ń gòkè dé mílíọ̀nù 100. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Gíráàmù 1,000 ló wà nínú kílò kan, nítorí náà kílò oúnjẹ kan nílò bílíọ̀nù 10 bakitéríà. Bí ara àpò bá sọ pé bílíọ̀nù 5 ló wà nínú gíráàmù ọjà náà kan, gíráàmù 2 ló máa bo kílò kan. Oúnjẹ kílò 10 á gba gíráàmù 20. Mo máa ń ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, bíi gíráàmù 3 sí kílò kan, torí pé èyí tí omi máa fọ̀ lọ kò ní ṣàìwà.

Ẹ má fojú díwọ̀n. Òṣùwọ̀n kékeré tó lè wọn gíráàmù kọ̀ọ̀kan kò wọ́n tó edé tí ẹ fẹ́ dáàbò bò. Ẹ má sì rò pé bó bá pọ̀ sí i ni á dára sí i. Lẹ́yìn ìwọ̀n kan, owó lásán ni ẹ̀ ń dà sómi.

Bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ oúnjẹ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Edé kì í gbé oúnjẹ mì lẹ́ẹ̀kan bí ẹja. Ọwọ́ ló fi ń mú un, á máa rún un díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ náà á sì ti pẹ́ nínú omi kó tó jẹ ẹ́ tán. Ohunkóhun tí ẹ bá kàn bù wọ́n ọn lórí ní gbígbẹ, omi ló máa kó o lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí omi tí ẹ máa fi pò ó. Omi ẹ̀rọ tó ní kilorínì á pa bakitéríà náà kí ẹ tó dé ẹ̀bá adágún. Bí òun nìkan lẹ ní, ẹ dà á sínú ike tó ṣí lẹ́nu, ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i fún odindi ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ fi sodium thiosulfate pa kilorínì náà. Ẹ má lo omi adágún, torí ẹ kò mọ iye Vibrio tó wà nínú rẹ̀. Kí omi náà má gbóná; tó bá ti ń jó ìka, ẹ jẹ́ kó tutù.

Fún oúnjẹ kílò 10, mílílítà 300 sí 400 omi tó. Ẹ da ìyẹ̀fun bakitéríà tí ẹ ti wọ̀n sínú rẹ̀, ẹ rò ó dáadáa títí kóró kankan ò fi ní sí mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ sẹ́ ẹ bó bá ní ìdọ̀tí kí ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́nmi má baà dí. Ẹ̀rọ ìfọ́nmi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi fọ́n oògùn kòkòrò tàbí kẹ́míkà ìfọ̀mọ́ rí. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ síbi tí òòji wà, ẹ tú oúnjẹ lé e lórí kó má nípọn. Ẹ fọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà sí i, ẹ fi ọwọ́ mímọ́ tàbí ṣọ́bìrì ike yí i po, ẹ tún fọ́n, ẹ tún yí i. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà; apá kan á rin gbingbin, apá kejì á gbẹ bó ṣe wà. Bó bá ti kárí, gbogbo oúnjẹ náà á máa dán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì ní lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó fà á mu. Inú òòji ni o. Oòrùn tààrà máa ń pa bakitéríà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ohun tó máa dè é mọ́ra bò ó. Epo ẹja rọrùn, edé sì fẹ́ràn òórùn rẹ̀: mílílítà 10 sí 20 sí kílò kan tó. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò rí epo tó ń léfòó lójú omi. Àwọn mìíràn ń lo gelatin tàbí alginate. Gelatin fẹ́ omi gbígbóná kó tó yọ́, nítorí náà ẹ yọ́ ọ lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó fi bo oúnjẹ náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bò ó tán, ẹ tún jẹ́ kó gbẹ fún bí ìlàjì wákàtí.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí adágún, ẹ dán an wò. Ẹ bu omi adágún sínú ife tó mọ́ gaara, ẹ ju oúnjẹ náà bíi mẹ́wàá sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ife náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn ìlàjì wákàtí. Bí omi náà bá ṣì mọ́, tí oúnjẹ náà wú díẹ̀ àmọ́ tí kò tú, ẹ ṣe é dáadáa. Bí omi bá ti funfun bíi wàrà, bakitéríà yín ti wà nínú omi, kò sí lára oúnjẹ mọ́. Ẹ fi kún ohun tó ń dè é, tàbí kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n ọjọ́ kan ni kí ẹ máa pò. Oúnjẹ tó ti fara kan omi tó sì sùn mọ́jú lè bu, oúnjẹ tó bu sì ń ba ẹ̀dọ̀ edé jẹ́ bí àrùn ṣe ń bà á jẹ́.

Àwọn kan máa ń fi mọ̀lásíìsì, omi ṣúgà dúdú tó ki, bọ́ bakitéríà náà nínú àgbá kí ó lè di púpọ̀, kí wọ́n lè fi àpò kan ṣe iṣẹ́ àpò mẹ́wàá. Mi ò fọwọ́ sí i fún èyí tó máa wọ inú oúnjẹ, àyàfi bí ẹ bá ní láàbù tó ń bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó bá wà nínú àgbá náà ló máa pọ̀, aṣoore àti aṣebi, bí àgbá náà kò bá sì mọ́, Vibrio lẹ lè máa fọwọ́ ara yín bọ́ edé.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa ń fún un

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin edé ni iṣẹ́ yìí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, torí pé bakitéríà tó bá kọ́kọ́ gba ìfun ọmọ edé ló máa ń ṣòro lé. Ọmọ edé tó kéré jù láti jẹ oúnjẹ oníkóró ń jẹ Artemia, ẹ̀dá kéékèèké kan tó ń gbé inú omi iyọ̀, ẹ sì lè fi Artemia náà gbé bakitéríà dé inú ọmọ edé. Ẹ má kàn da bakitéríà mọ́ ọn bó bá ṣe ń jáde látinú ẹyin, nítorí ẹnu rẹ̀ kò tíì ṣí. Ẹ dúró kó bọ́ èèpo àkọ́kọ́, lẹ́yìn bíi wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà ló tó lè máa kó ohun inú omi jẹ. Ẹ jẹ́ kó gbé inú omi bakitéríà náà fún wákàtí díẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ tó fi bọ́ ọmọ edé.

Nínú adágún, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ ni EMS ń pa edé jù, ẹ má ṣe dúró de oṣù kejì. Ẹ fi sínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, nígbà tí ebi ń pa edé gan-an, kó lè tètè jẹ ẹ́.

Ẹ má dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ nínú bakitéríà tí a fi ń bọ́ edé kì í sọ ìfun rẹ̀ di ilé títí láé: oúnjẹ ń kọjá níbẹ̀ kíákíá, ó sì ń kó wọn lọ. Nígbà tí edé bá sì bọ́ èèpo, ohun tó tẹ́ ìsàlẹ̀ inú ikùn rẹ̀ àti ìparí ìfun rẹ̀ náà ń bá èèpo lọ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí Vibrio bá ṣì wà nínú omi, ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí aṣoore náà máa wọlé lójoojúmọ́.

Ẹ wo tíréè oúnjẹ tí ẹ rì sínú adágún lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, ẹ dín èyí tó kàn kù. Bí ẹ bá rí i pé edé ń jẹun dáadáa nítorí epo ẹja tí ẹ fi sí i, ẹ má tìtorí rẹ̀ ju ìwọ̀n. Àjẹkù tó bá rà nísàlẹ̀ ni oúnjẹ Vibrio.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé

Oògùn apabakitéríà kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí ẹ bá fi í bọ́ edé pa pọ̀ mọ́ bakitéríà aṣoore, aṣoore ló máa kọ́kọ́ kú, nígbà tí Vibrio tí oògùn náà kò ràn mọ́ á wà níbẹ̀ tí á máa gbilẹ̀. Àwọn oògùn kan wà bíi chloramphenicol àti nitrofuran tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de pátápátá lára ẹran tí èèyàn ń jẹ. Edé tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ kò ní wọ ọjà wọn.

Kilorínì, áyódínì àti àwọn kẹ́míkà ìfọ̀mọ́ mìíràn náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n tọ́jú omi, ẹ dúró kí agbára wọn tán kí ẹ tó padà sórí oúnjẹ oníbakitéríà.

Omi tó burú á borí gbogbo ohun tí a ti sọ. Kí ọ́síjìn má lọ sísàlẹ̀ mílígíráàmù 4 nínú lítà omi kan, pàápàá ní ìdájí, ìgbà tó máa ń kéré jù. Kí pH, ìwọ̀n tó ń fi bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó hàn, wà láàárín 7.5 sí 8.5. Bí ẹ bá tún ń da Bacillus sínú omi fúnra rẹ̀, ẹ fi kún afẹ́fẹ́, torí pé òun náà ń mí.

Ẹ mú edé sókè, ẹ wò ó

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ẹ mú edé mélòó kan látinú tíréè, ẹ gbé wọn kọ ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára edé funfun, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ óò rí ìfun bí okùn dúdú kan tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dé ìrù. Kó kún, kó má já lágbede méjì. Lẹ́yìn orí, ẹ wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀: kó tóbi, kó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ṣú díẹ̀, kí ààlà rẹ̀ hàn kedere. Bó bá ti funfun, tó sún kì, tí ìfun sì ṣófo nígbà tí oúnjẹ wà nínú tíréè, ẹ ké sí dókítà ẹranko inú omi lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ fi kún afẹ́fẹ́, kí ẹ má sì gbé àwọ̀n tàbí omi látinú adágún náà lọ sí òmíràn. Ìgbẹ́ funfun tó ń léfòó bí òwú náà jẹ́ ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò.

Láàbù lè bá yín ka Vibrio inú omi àti inú ìfun lórí àwo tí wọ́n ń pè ní TCBS. Àwọn tó ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ máa ń hù ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn tí kì í jẹ ẹ́, tí Vibrio parahaemolyticus wà lára wọn, máa ń hù ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́, torí pé àwọn aṣebi wà nínú ìyeyè náà. Ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń gòkè tàbí bó ṣe ń wálẹ̀ ló ní ìtumọ̀ ju iye ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá ní adágún tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ má kó gbogbo wọn sórí ọjà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó ọmọ edé ibì kan náà, iye kan náà, lọ́jọ́ kan náà sínú adágún mẹ́rin tó jọra. Ẹ fún méjì ní oúnjẹ oníbakitéríà. Fún méjì yòókù, ẹ fi omi àti epo ẹja nìkan bo oúnjẹ wọn, kó má baà jẹ́ pé epo ló ṣe iṣẹ́ tí ẹ óò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bakitéríà. Ẹ kọ iye oúnjẹ tó wọlé lójoojúmọ́ sílẹ̀, ẹ wọn edé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ka iye tó yè nígbà ìkórè. Ẹ pín iye kílò oúnjẹ tí wọ́n jẹ sí iye kílò edé tí wọ́n fi kún ara. Bí èsì rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni oúnjẹ ṣe ṣe wọ́n láǹfààní tó.

Bí kò bá sí ìyàtọ̀ nínú ìkórè méjì tí àrùn kò wọ̀, ẹ má tíì dá ọjà náà lẹ́bi. Ààbò kì í hàn níbi tí ogun kò dé. Bí àrùn bá wá wọlé, tí edé adágún oníbakitéríà àti ti adágún méjì yòókù sì kú bákan náà, ẹ padà lọ yẹ àpò náà wò ní láàbù, ẹ tún ìdánwò inú ife ṣe, ẹ wo omi tí ẹ fi ń pò ó. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, ẹ lọ wá ẹ̀yà Bacillus mìíràn.